Abẹ́ Ṣọ́ọ̀bù Alápatà

Omi ló kọ́kọ́ tú àṣírí.
Páìpù bẹ́ lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù Garlick alápatà,
ní ojú ọ̀nà tóóró tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò,
ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù kejì
tí òtútù ń buni jẹ bí ajá tí a dè.
Desmond Garlick gbọ́n omi títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.
Ó ránṣẹ́ pe Clive Yeo tó ń tún páìpù ṣe.
Clive la sìmẹ́ńtì, ó la bíríkì,
ó wa ilẹ̀ dé orúnkún,
ṣọ́bìrì rẹ̀ dún gbàgà.
Ó ní, "Háà. Èyí kì í ṣe páìpù o."

Báyìí ni Imogen Thripp ṣe dé,
òun àti ọmọṣẹ́ méjì, garawa, búrọ́ọ̀ṣì,
ṣíbí tí kò ju ti àsè ọmọdé lọ.
Ohun tó bá dàgbà jù ọ́ lọ,
o ò gbọdọ̀ fi ṣọ́bìrì kí i.

Bíríkì tí bàbá bàbá Garlick tò ni wọ́n kọ́kọ́ ká kúrò,
àti ìkòkò tábà kan tó ṣẹ́ lọ́rùn.
Lábẹ́ rẹ̀ ni kòtò ìdọ̀tí àwọn ará àtijọ́ wà,
àwọn tó jẹ́ pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń jí wọn:
ìkarahun, èédú, egungun màlúù tí ọ̀bẹ ti fọwọ́ sí.
Garlick bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo egungun náà fínnífínní.
"Ẹni tó gé èyí mọṣẹ́," ló wí.
"Ibi tí èmi náà máa ń gé e nìyẹn."
Ẹgbẹ̀rin ọdún ló wà láàárín ọ̀bẹ méjèèjì,
oríkèé kan náà ni wọ́n ti pàdé.

Bàtà awọ kan wà níbẹ̀, kò gùn ju ìka ìlábẹ̀ lọ.
Ọmọ tó bọ́ ọ sílẹ̀ kò padà wá mú un.
Wọ́n dákẹ́. Tíì wọn tutù.

Lẹ́yìn náà, eérú.
Ìlà dúdú kan lára ògiri kòtò, ìka mẹ́ta péré.
Ìgbà kan rí, gbogbo ìlú sunkún nítorí ìka mẹ́ta yìí.

Abẹ́ eérú ni ilẹ̀ ilé ará Róòmù ti yọjú,
òkúta wẹ́wẹ́, pupa, funfun, dúdú,
a tò wọ́n bí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.
Bóyá ọ̀gá kan tí òtútù ìlú yìí sú
ló ní kí wọ́n fi ihò ooru sábẹ́ rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ní igun, nítòsí ògiri,
òṣìṣẹ́ ti ṣìṣe: pupa wà níbi tó yẹ kí funfun wà.
Bóyá ebi ń pa á.
Bóyá ọ̀gá ò tíì sanwó.
Clive bú sẹ́rìn-ín: "Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí,
nílé ìwẹ̀ lọ́yà kan. Kò rí i títí dòní."

Ìlú wá wò ó. Winifred Tuckett wà lára wọn,
ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, tòun ti ọ̀pá.
Gbogbo ènìyàn ń bèèrè pé ta ló kọ́ ọ, ta ló ní in.
Òun ní, "Ọgọ́ta ọdún ni mo fi nu ilẹ̀ ilé onílé.
Ta ló ń nu èyí?"
Imogen ṣí ìwé rẹ̀. Ó pa á dé.

Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ya fọ́tò,
wọ́n da yanrìn bò ó jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fi aṣọ bo ọmọ tó sùn.
Àwa rò pé ilé là ń kọ́.
Ilẹ̀ ló ń kọ́ wa.

Ní Sátidé, ṣọ́ọ̀bù ṣí, sọ́sééjì fì lórí ìkọ́.
Winifred wá ra kíndìnrín àgùntàn.
Kò sí ẹrẹ̀ níta, òjò ò rọ̀,
síbẹ̀ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó nu bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì
kó tó wọlé.